Bàámi Wá Jẹ Ìjà

Ṣọ́ọ̀bù wa ni, àmọ́ kò ní òrùlé. Aṣọ ló bo ojú ọ̀run, ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú tí wọ́n sá tẹ̀ léra wọn títí tójú mi ò fi rí òpin ẹ̀. Wọ́n ń mì jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn. Tábìlì tá a fi ń lọ aṣọ gùn láti Ìkirè dé Àpòmù. Ẹ má bá mi jiyàn, èmi tí mo lá àlá ni mo mọ bó ṣe gùn tó. Kò sí ohùn ẹnì kankan. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí oníbàárà gbàgbé, mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró áyọ́ọ̀nù eléèédú. Bàámi ni. Ọdún mẹ́ta rèé tá a ti sin wọ́n. Wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wọn tó já léjìká, wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n fẹ́ ẹ sára kọ́là bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Wọn ò gbójú sókè.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàámi."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo dé. Èmi wà níbí."

Ìwé ìtàn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi. Ìwé yẹn dàgbà jù mí lọ, ó tiẹ̀ lè dàgbà ju ìlú Ìkirè lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ obìnrin tó jáde látinú àpáta. Obìnrin yìí kì í jẹ iyán, kì í jẹ ẹ̀kọ, ìjà ni oúnjẹ ẹ̀. Tí ọkọ bá pariwo pé iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀, ìyàwó á yó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á máa dán. Tí wọ́n bá lo ọjọ́ mẹ́ta ní àlàáfíà, á rù títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi máa bọ́ nídìí ẹ̀. Ni ọkọ bá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, á máa ronú ohun tóun máa bínú sí lónìí, nítorí pé ó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàámi máa ń kà á fún àwọn oníbàárà. Igba èèyàn ló máa ń wá. Ó dáa, wọ́n á tó mẹ́jọ. Tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ á kó aṣọ tí kò dọ̀tí wá, kí wọ́n lè rídìí jókòó. Tó bá dé ibi iyọ̀, ìyàwó á fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ ẹ̀ níhà, ọkọ á máa wolẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kọ́kọ́ ra irú ìwé yẹn ti kú tán, àmọ́ ó ṣì ń pa àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ́rìn-ín, torí kò sílé tí wọn ò ti bínú nítorí iyọ̀ rí.

Bàámi ò ka ojú ewé tó kẹ́yìn rí. Tí wọ́n bá ti dé ibi tí ìjà tán lẹ́nu ọkọ, tí ebi fẹ́ pa ìyàwó kú, wọ́n á pa ìwé dé. Wọ́n ní táwọn bá kà á tán, ta ló máa kó aṣọ wá lọ́la? Bí wọ́n ṣe gbé òpin ẹ̀ lọ nìyẹn.

Látìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń bi mí léèrè. Mo sọ fún wọn pé mo ti kà á nígbà méje, pé òpin ẹ̀ dùn débi pé tí mo bá sọ ọ́, ọkàn wọn lè dúró. Fẹ́hìntọlá, tíṣà tó ń kó aṣọ wá sọ́dọ̀ mi, ní ká jọ kà á. Mo ní ọwọ́ mi dí. Bẹ́ẹ̀ mi ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Mo wá sún mọ́ tábìlì lójú àlá. Mo ní, "Bàámi, báwo ló ṣe parí?"

Wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Mo ní kí n sáré lọ ra mọ́ínmọ́ín. Wọ́n mi orí.

"Ibi tí mo wà, àlàáfíà ni ṣáá," wọ́n ní. "Bá mi jà díẹ̀."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní èédú wọn pọ̀ jù. Mo ní omi ẹnu wọn ti mú kọ́là rọ. Mo ní látọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta aṣọ ni mò ń lọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, pé àwọn ọba ń ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń lọ aṣọ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣì jìn wọnú.

"Ìyẹn ò níyọ̀," wọ́n ní jẹ́ẹ́. "Èyí tó wà nínú ńkọ́?"

Mi ò mọ ìgbà tó jáde.

"Ẹ mú mi kúrò níléèwé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Ẹ ní ọwọ́ ò tó ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àdúgbò lẹ̀ ń kàwé fún, Bàámi, ẹ ò kọ́ èmi. Ẹ wá lọ, ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún mi."

Áyọ́ọ̀nù dúró. Mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń kún bọ̀, díẹ̀díẹ̀.

"O jàre," wọ́n ní. "O ò gbé e fún mi jẹ nígbà tí mo wà láyé."

Wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí apá ẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná. Mo fẹ́ tún béèrè òpin ìwé, àmọ́ wọ́n ti wọ àárín aṣọ lọ, aṣọ ò sì mì mọ́.

Fẹ́hìntọlá ló ń fọwọ́ gbá tábìlì tí mo fi jí. Ọ̀sán gangan ni, mo ti sùn lọ sórí aṣọ ẹ̀. Ó bi mí bóyá òógùn ló wà lójú mi. Kò sóhun tí mi ò lè fi dá a lóhùn, èmi tí mo máa ń sọ pé mo fi ọwọ́ òsì di kìnnìún mú. Àmọ́ mo rí i pé ọdún mẹ́ta ni mo ti ń pariwo tí mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Mi ò mọ̀wé kà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tuntun nìyẹn. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní kí n gbé ẹ̀fẹ̀ mi sílẹ̀, kí n fún òun láṣọ. Nígbà tí mi ò rẹ́rìn-ín, ó wò mí títí, ó fa àpótí, ó jókòó. Ó mú ìwé Bàámi lórí tábìlì, ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó la ẹnu. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní kó má kà á fún mi, kó kọ́ mi.

Ó ní ó máa pẹ́ o, Akínlabí, ó lè gbà tó ọdún kan.

Ó ti dé orí ahọ́n mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa gbà mí. Mo gbé e mì.