Ìwé Tí Tíṣà Kò Kà

Kí-lẹ-rí-sí-i lorúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún tíṣà tó ń bá wọn ka ìwé ìtàn. Kì í ṣàlàyé ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó lọ ka ìtàn nílé, á bi yín ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, á wá fara ti pátákó ìkọ̀wé, á máa wò yín bí ẹ ṣe ń fà á mọ́ ara yín lọ́wọ́. Ọ̀nà dáadáa ni, bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá ti ka ìwé náà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò kà á. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń sọ pé òun máa kà á lọ́la, títí aago kíláàsì fi lù. Ẹ̀yìn ìwé nìkan ló rí wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìyá kan fi ilé sílẹ̀, ó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ó fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà. Òwe kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀lẹ.

“Ká ní ẹ̀yin lọmọ tó fi sílẹ̀ yẹn,” ó bi wọ́n, “kí lẹ máa sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà?”

Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tí kò tíì la ẹnu látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, dìde.

“Mi ò ní sọ nǹkan kan. Màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹ̀ ná, bóyá mo ṣì dá a mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí màmá mi lọ.”

Ó yẹ kí tíṣà sọ ọ̀rọ̀ kan, èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ohun tó mọ́ ọn lẹ́nu ló jáde: “Ẹ̀yin tó kù, kí lẹ rí sí i?” Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ náà ló lágídí jù tí ìyá ẹ̀ fi lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà jókòó.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó dúró de tíṣà nídìí tábìlì.

“Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé àròkọ tí mo kọ nípa màmá mi lẹ rí, tẹ́ ẹ fi yan ìwé yìí. Mo ka ìparí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lójú tiyín, sà, ṣé ọmọ yẹn dárí ji ìyá ẹ̀?”

Ojú ti tíṣà débi pé kò lè wò ó. Bó bá da ìbéèrè náà padà sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́.

“Ọ̀gá ẹ̀ka wa ló yan ìwé náà,” ló sọ. “Èmi ò tiẹ̀ tíì kà á. Má bínú.”

Ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì mú un mọ́ra,” ló wí jẹ́jẹ́. “Mo rò pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe ni.”