Ìdọ̀bálẹ̀ Abẹ́ Kámẹ́rà

Ní ìkóríta Fate, ní Ìlọrin, ni Túnmiṣe ti kọjá lára Bàbá Láníyọnu láìkí i. Fóònù ló gbájú mọ́, orin sì kún etí rẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá Fẹ́yìsayọ̀, ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́, ni ẹni tí òun fi èjìká gbá lọ yẹn.

Ṣùgbọ́n Bàbá mọ̀ ọ́n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, kì í gbàgbé ojú. Ọjọ́ tí Fẹ́yìsayọ̀ mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, Bàbá ò jẹ́ kó jókòó.

"N kò gba ìkíni inú pálọ̀. Ibi tó ti kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná, ibẹ̀ ni kó ti wá kí mi. Bí mo bá ní kó dìde, ẹ lọ máa múra ìgbéyàwó. Bí n kò bá wí bẹ́ẹ̀, kálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìkóríta lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Túnmiṣe, tòun ti aṣọ funfun, na gbalaja sínú eruku, lábẹ́ òpó tí àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kámẹ́rà kọ́. Wọ́n ní kámẹ́rà náà lọ́gbọ́n lórí bí èèyàn.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ forí jì mí, sà."

Bàbá na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí i. "Ṣé o ti wá rí mi báyìí?"

"Mo rí yín, sà."

"Mo ga àbí mo kúrú?"

"Ẹ ga, sà."

"Irọ́ ni. Mo kúrú. Ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ní kó dìde o, funfun ló wọ̀!" Ẹnìkan ló pariwo bẹ́ẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dúró dè. Kí ẹnu náà tó là, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti fọn fèrè dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ Bàbá.

"Ta ló kú?" Sájẹ́ńtì Hassan, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ló ń béèrè.

Túnmiṣe gbórí sókè nílẹ̀. "Èmi kọ́ o."

"Bí o ò bá kú, dìde ńbẹ̀!"

"Ẹ má bínú, sà. Bàbá ò tíì ní kí n dìde."

Sájẹ́ńtì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Àwòrán Bàbá àti Túnmiṣe ló wà níbẹ̀, ìlà pupa yí wọn ká. "Ẹ̀rọ òkè yìí ló ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ẹnìkan ti ṣubú, kò mira, ẹnìkan sì na ohun ìjà lé e lórí."

Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ta ni arúgbó oníjà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ìkíni ni wọ́n ń kíra wọn," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí.

"Sùbúhánà-lláhì! Ìkíni wo ló ń pẹ́ báyìí?"

Fẹ́yìsayọ̀ tún wo àwòrán náà. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Bí òun ò bá mọ bàbá yìí, ṣé òun náà ò ní figbe ta?

Sájẹ́ńtì ní kí wọ́n fa Túnmiṣe dìde. "Bàbá, kí lọmọkùnrin yìí jẹ́ sí yín? Bó bá jẹ́ ẹni yín, ẹ máa lọ sílé. Bí kò bá jẹ́ nǹkan kan, ẹ ti dojú ọmọ ọlọ́mọ bolẹ̀ nígbangba títì nìyẹn, ẹ ó bá wa dé tẹ́ṣàn."

Bàbá wo ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Àna mi ni."

"Ẹ ò ṣe tètè wí? Ẹ̀rọ ò mọ àna!" Sájẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín, ó dá ọ̀pá padà.

Bí Túnmiṣe ṣe gbọ́ "àna", ayọ̀ gbé e, ó tún fàyà lélẹ̀ gbàgà láti dúpẹ́.

"Dìde!" Bàbá figbe bọnu, ojú rẹ̀ wà lókè òpó. "Dìde! Dìde kíá!"

Gbogbo ìkóríta rẹ́rìn-ín. Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ni kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró dè ti jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ṣé ọkọ òun ló sọ ọ́ fún ni, àbí kámẹ́rà?

"Bàámi, ṣé kí n sọ fún Màámi pé ká máa múra…"

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé Túnmiṣe lọ́wọ́. "Bá mi gbé e délé. Kí ohun òkè yẹn má tún rí i lọ́wọ́ mi."

Túnmiṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tẹ̀lé e. Fẹ́yìsayọ̀ wo kámẹ́rà náà lókè. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ wálẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rántí pé ẹ̀rọ ni. Ó yára nà án, ó sáré bá wọn.