Ìpè Mẹ́ta fún Aṣọ́lé Wa

Ọwọ́ mi ni àpò fóònù ẹgbẹ́ wa máa ń wà. Bó bá ti ku wákàtí méjì kí wọ́n wọ pápá, gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá họ́kì fún orílẹ̀-èdè wa á kó fóònù wọn fún mi, wọn ò sì ní rí i gbà títí wọ́n á fi bọ àwọn alátakò lọ́wọ́ tán. Èmi tí mò ń tọ́jú aṣọ àti igi wọn láti ọdún mọ́kànlá ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀, mi ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ìyá Ológun ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀.

Orílẹ̀-èdè méjìlá ló wá síbi ìdíje kan tí a lọ, ó wá ku àwa àti orílẹ̀-èdè kan péré. Ó ku ogún ìṣẹ́jú ká bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá nígbà tí fóònù aṣọ́lé wa, ọmọ tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé, tí a ń pè ní Ògiri, dún nínú àpò. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo bọ́ síta, mo gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ìwòsàn la wà. Màmá wa ń béèrè àbúrò mi. Wọ́n láwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó gbá a tán. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni."

"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè dúró, mà."

"Wọ́n á dúró! Ìyá tó bí irú ọmọ yìí kì í ṣọ̀lẹ."

Mo pa fóònù. Ẹ wo ẹnu mi! Bí ẹni pé èmi ni mo ni ẹ̀mí.

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo di ìbòsẹ̀ ńlá tí aṣọ́lé fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́ Ògiri lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju òpó ilé lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ó wá bá mi nídìí omi.

"Mà, ṣé wọ́n pè mí láti ilé? Ara màmá mi ò yá nígbà tí mò ń bọ̀."

"Ta ló fẹ́ pè ọ́? Mu omi, jàre."

Ó gbà mí gbọ́, ó mu omi.

Ọ̀mì ni wọ́n ta, ló bá di pé kí àwọn alátakò máa gbé bọ́ọ̀lù wá kojú Ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo gba pápá, èmi ń wo aago. Ògiri mú mẹ́rin nínú bọ́ọ̀lù márùn-ún, ife sì di tiwa. Wọ́n gbé e sókè, ó já ara rẹ̀ gbà, ó bọ àwọn alátakò lọ́wọ́ wàràwàrà, ó sáré tọ̀ mí wá.

"Fóònù mi, mà! Ẹ jẹ́ n sọ fún màmá mi."

Mo gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn. Mo rí bí ẹ̀rín ṣe kúrò lẹ́nu ọmọ náà, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dákẹ́ kété lẹ́yìn ìsinmi. Nígbà tí mo ní kó mu omi, ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

"Ẹ̀gbọ́n mi láwọn bá yín sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Kí ni màmá mi fẹ́ sọ fún mi, mà?"

Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè.