Orí Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Jí Gbé

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnu ń kó bá ènìyàn, ẹ má jiyàn. Ẹnu Ọláògún mẹkáníìkì ló dẹ́ṣẹ̀ ní Agric, ní Ìkòròdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ọláògún yìí, bó bá ń fọ́nnu, àkùkọ á gbàgbé kíkọ. Òun ló sọ pé òun jókòó sí Agric, òun ń jẹ ẹ̀bà, tí òun fi ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ṣe ń wúkọ́ ní Ipakodo, tí òun sì ránṣẹ́ sí awakọ̀ pé kó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Irọ́ gbuu ni, ṣùgbọ́n ó dùn létí, àwọn ènìyàn a sì máa bu omi mu lé e.

Nígbà tí ipò alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ṣófo, Ọláògún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ bí ológbò ṣe ń fẹ́ ẹja. Àga alága ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́: àga pupa, onítìmùtìmù, apá rẹ̀ méjèèjì ń dán bí orí ọmọ tuntun. Ojoojúmọ́ ni Ọláògún ń lọ nu eruku ara rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ra fìlà tí yóò dé lọ́jọ́ tó bá jókòó sórí rẹ̀, ó sì ti ń dé e kiri kó lè mọ́ orí rẹ̀ lára. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a du ipò náà, Hussein oníbírékì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tó bá fẹ́ fi ènìyàn ṣẹ̀sín.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdìbò wọlé dé tán ni Muslimah, ọmọbìnrin tó ń ta fóònù lójú títì, gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Kí ẹ tó rí ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ ó ti rí èéfín. Funfun báláú! Èéfín náà bo Agric débi pé àwọn tó ń lọ sí Kẹtu wọ ọkọ̀ Ṣàgámù. Ewúrẹ́ kan ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, télọ̀ sì ti wọn àyà àti èjìká rẹ̀ kó tó fura pé oníbàárà yìí ní ìwo. Ní Èbúté, àwọn tó ń sá ẹja ká ẹja wọn nílẹ̀, wọ́n ní òjò ti ṣú.

Ọkọ̀ pupa kan ló yọ láàárín èéfín, ilẹ̀kùn méjì péré, ó kúrú bí aláǹgbá.

Muslimah sọ̀ kalẹ̀, ó ń wúkọ́. "Ọ̀gá Ọláògún, ẹ gbà mí o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ra ọkọ̀ yìí, mi ò sì tíì gbádùn rẹ̀. Tí mo bá rọ omi kún rédíétọ̀ láàárọ̀, á ti lọ tó bá di ọ̀sán. Mo sì wo abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Níbo lomi ń gbà lọ?"

Ọláògún ò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó na imú sókè, ó fín èéfín, ó di ojú bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti jóná," ló wí.

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa mọ̀ ní orí, irin kan tó dé e lókè bí ọmọrí ìkòkò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín orí àti ara, òun ni kì í jẹ́ kí omi àti iná fojú kanra. Bó bá jóná, omi á yọ́ wọ inú iná, èéfín funfun á sì yọ ní sàlẹ́ńsà.

Hussein gbójú sókè lórí bírékì tó ń fọ̀. "Ọ̀gá, ẹ ò ní kúkú ṣí i wò ná?"

"Ṣí kí ni? Ṣé dókítà á la ikùn aláìsàn kó tó mọ̀ pé ibà ló ń ṣe é ni?"

"Ó dáa. Ẹ wá fi irin búra."

Ẹ mọ̀ pé onímọ́ṣáláṣí ni o, oníṣọ́ọ̀ṣì ni o, kò sí mẹkáníìkì tó ń fi ahọ́n kan irin ṣeré. Irin là ń jẹ, irin ló sì lè jẹni. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ti pọ̀ jù, fìlà sì ti wà lórí. Ọláògún mú sípánà ńlá kan, ó yọ ahọ́n, ó lá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń lá áísíkiriìmù.

"Bí kì í bá ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì orí ló jóná, kí ìdí mi má kan àga pupa yẹn láéláé!"

Àwọn ènìyàn hó yèè. Hussein nu sípánà náà, ó fi í sápò.

Ìgbà yẹn ni Ọláògún wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo òkè ẹ́ńjìnnì, kò rí orí. Ó tú páìpù tó wà lókè kúrò, kò rí orí. Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó ki ọrùn bọ̀ ọ́, ó wá orí yìí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Nǹkan rìbìtì kan báyìí ló bá níbẹ̀, tó sùn sílẹ̀ bí ìlù tí wọ́n dà dùbúlẹ̀, kò lórí, kò lọ́rùn.

Ẹlòmíì ì bá sọ pé, "Irú èyí ṣàjèjì sí mi." Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí gbólóhùn yẹn bá jáde, àga pupa ti lọ nìyẹn. Ọláògún ronú, òógùn ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Lójijì ó fò sókè, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Mádàámù, wọ́n ti jà yín lólè! Wọ́n ti jí orí ẹ́ńjìnnì yín gbé!"

"Orí kẹ̀?" ni Muslimah wí.

"Ọ̀gá," ni Hussein wí, "ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí orí rẹ̀ gbé ló ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀?"

"Adìyẹ tí wọ́n gé lórí, ṣé kì í sáré ni?"

Òótọ́ ni, adìyẹ a máa sáré. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo Agric ti ń bínú sí olè orí. Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí kẹ́yìn? Muslimah ní Fàlílátù ni, mẹkáníìkì obìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́, tó tún un ṣe fún ẹni tó tà á fún òun.

"Ẹ̀pẹ́ yá!" ni Ọláògún ké. "A ó gba orí wa!"

Ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n gbéra. Muslimah ń wa ọkọ̀, Ọláògún jókòó tì í, ó gbá kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ra bí ìyá ìkókó. Hussein àti àwọn mẹkáníìkì yòókù wà nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn, wọn ò rí ọ̀nà, èéfín ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń bu omi sí i, wọ́n ń dúró, wọ́n ń bu omi sí i. Kí wọ́n tó kọjá Ìtòìkín, ọkọ̀ náà ti mu omi tó lè gbé ẹja àrọ̀ tọ́mọ-tọ́mọ.

Nítòsí ọ̀sà ni ṣọ́ọ̀bù Fàlílátù wà. Obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀n ni, ó ti dàgbà ju Ọláògún lọ dáadáa. Ní ti ẹnu, bí tí Ọláògún bá jẹ́ fèrè, tirẹ̀ jẹ́ sáírìn.

Ọláògún yọ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Orí la bá wá."

"Orí ta?"

"Orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí mà. Ọ̀dọ̀ yín ló sọnù sí. Ẹ dákun, ẹ gbé e fún wa ní ìrọ̀rùn, kí á má tíì pe ọlọ́pàá."

Fàlílátù wò ó bí ẹni tó rí aláǹgbá tó wọ kóòtù. Ó wo ọkọ̀, ó wo fìlà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹja méjì fò jáde nínú ọ̀sà láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀pẹ́, ẹ gbà mí! Ìkòròdú ránṣẹ́ wá o, wọ́n ní mo jí orí! Ìwọ onífìlà yìí, irú ẹ́ńjìnnì yìí ò lórí láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é wá! Kò ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí bírí nínú rẹ̀. Wọ́n kan to ilé irin rẹ̀ ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni to búrẹ́dì ni, rọ́bà tín-ín-rín ló wà láàárín wọn tó ń lé omi sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ iná."

"Irọ́ ni mà!"

"Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ba ọ̀kan jẹ́ pátápátá rí. Èmi náà wá orí rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n mi ò pe ọmọ ẹlòmíì lólè."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ tutù ná, pé ẹni tó bá ṣí rédíétọ̀ gbígbóná, ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ bọ̀. Nígbà tó tutù, ó fọwọ́ tọ gbogbo rọ́bà omi, ó wo abẹ́ rédíétọ̀, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó rọ kúláǹtì, omi aláwọ̀ ewé tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, kún rédíétọ̀, ó wá de póńpù kékeré kan tó ní ojú bí aago mọ́ ẹnu rẹ̀, ó fún un léfẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ aago náà sì gòkè. Wọ́n dúró. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán omi kan ò kán sílẹ̀.

"Omi ò sí nílé, kò sì gba ojúde kọjá," ni Fàlílátù wí. "Inú iná ló wà."

Ó tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ẹ sún sẹ́yìn."

Gbogbo wọn sún. Ọláògún nìkan ló dé fìlà padà, tó na ọrùn síwájú. "Kò sí ohun tó máa jáde níbẹ̀."

"Mádàámù, ṣáná sí i."

Fùùù! Omi tú jáde nínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ó tú sí Ọláògún lójú, ó wẹ fìlà rẹ̀ láwẹ̀tán. Omi aláwọ̀ ewé, olóòórùn dídùn bí ṣúgà tó jóná. Ọ̀gbẹ́ni lá ètè láìmọ̀.

"Tu ú dànù, májèlé ni!" ni Fàlílátù pariwo.

Ọláògún ń tutọ́, ó ń tutọ́. Hussein gbé omi fún un. "Ẹ rọra, Ọ̀gá. Ahọ́n tẹ́ ẹ fi búra ni wọ́n ń bá yín fọ̀ yẹn."

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún Fàlílátù kó tú ilé irin náà, kó sì pààrọ̀ rọ́bà. Muslimah bá wọn wọ bọ́ọ̀sì padà. Títí dé Ìtòìkín, Ọláògún ò lè gbójú sókè. Lẹ́yìn Ìtòìkín, ó yọ́ wúkọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Agric, ẹnu ti là.

"Ṣé mi ò sọ pé omi ń bá iná pàdé? Ṣé kò pàdé ni?"

Ẹ wá gbọ́ o. Ọjọ́ ìdìbò pé, Ọláògún ni wọ́n dìbò fún! Wọ́n ní ẹni tó lè lọ sí ìlú onílùú, tó lọ bèèrè orí tí kò sí, tí ojú ò tì í, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. Muslimah ní ẹgbẹ́ tó bá fi irú rẹ̀ jẹ alága, àwọn ló kúkú nílò orí.

"Alága, ẹ jókòó!" ni wọ́n ń kígbe.

Hussein dìde. Ó yọ sípánà ńlá yẹn nínú àpò rẹ̀, ó gbé e jẹ́jẹ́ lé apá àga pupa, ó padà lọ jókòó.

Ọláògún wo sípánà. Ó yí ìdí padà, ó tẹ orúnkún, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kí ìdí kan tìmùtìmù, ó dúró gbagidi. Òógùn bò ó. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Èmi," ló wí, "mo máa ń ronú dáadáa tí mo bá wà lórí ìdúró."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé tí alága Agric jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu Abuja, kò jẹ́ fi ipò sílẹ̀, kò sì jẹ́ jókòó. Ó ṣì ń nu eruku àga náà láràárọ̀. Bí ìpàdé bá sì ti fẹ́ parí, tí gbogbo ènìyàn ti ń wá bàtà, Hussein á nawọ́ sókè.

"Alága wa, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣẹ́kù."