Adìyẹ Ilé Àgbẹ̀dẹ Ògúndélé

Láràárọ̀ ni Ògúndélé máa ń lu owú rẹ̀ ní Ìlá, tí àdúgbò á máa gbọ́ káún, káún. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́." Bẹ́ẹ̀, irin kankan ò sí lórí owú. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Kí wá ni ẹni tó ń lu owú lásán fẹ́ yọ?

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iná ti kú nílé àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ọkọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni ọkùnrin yìí ń rà lọ́jà. Á lù ú kó rí gbágungbàgun, á fi èédú pa á lára, á wá tẹ àmì ìdílé bàbá rẹ̀ sí i. Ojú ò tì í. Àní tó bá ń tà á, ó tún máa ń nu òógùn!

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Tìjání, olórí àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà, sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ọgọ́ta ọkọ́ ni ẹgbẹ́ wọn ń wá fún ebè ọdún yìí, òun ló sì máa yan alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ kẹta rèé tí Ògúndélé ti ń fọ́nnu iṣẹ́ náà fún ìyàwó rẹ̀.

Bàbá yọ ọkọ́ kan tó ti kán jáde.

"Èyí tí mo rà lọ́wọ́ rẹ rèé. Ebè kẹrin ló kán sí. Ti bàbá rẹ máa ń gbó ni, kì í kán."

"Ẹ má bínú, bàbá. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Mi ò bínú. O ṣáà mọ àṣà: tí ọkọ́ bá kán, ẹni tó rọ ọ́ ló ń jó o pọ̀ lójú olóko. Dáná. Tó o bá ti jó o pọ̀, ọgọ́ta di tìẹ."

Ògúndélé ní Ògún ń sinmi lónìí. Bàbá ní òun á dúró di ọ̀la. Ògúndélé tún ní ẹwìrì tí òun fi ń fẹ́ iná ti lu. Bàbá dìde, ó lọ wo ojú iná fúnra rẹ̀. Àgbébọ̀ adìyẹ kan ló bá níbẹ̀ tó sàba lé ẹyin mọ́kànlá, tó ranjú mọ́ ọn bí onílé.

Ògúndélé sáré fẹ́ lé e, Bàbá dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀! Wàláì, nínú ilé àgbẹ̀dẹ yìí, òun nìkan ló ń fi ara ẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe."

Bàbá gba ìlú Iresi lọ, sọ́dọ̀ Kọ́lájọ, alágbẹ̀dẹ tí iná rẹ̀ kì í kú.

Inú bí Ògúndélé. Ó gbé ọmọ owú, ó ń lu owú kíkankíkan, kí ará àdúgbò má baà fura. Ẹfúnróyè, ìyàwó rẹ̀, kígbe láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò sì gbọ́:

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ rọra o, adìyẹ ń sàba lójú iná!"