Igi Ìwọ́ Àdùfẹ́

Owú tí Sìmíátù jẹ kì í ṣe owú orogún. Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń wo ìta. Iṣẹ́ báńkì àti oorun nìkan ló mọ̀ láyé yìí. Obìnrin ilé kejì ni Sìmíátù ń jowú, ohun tó sì ń jowú lé lórí ni ọmọ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ bí àti igi kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò bá tíì fi igi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń dunni tó.

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Richton Park, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, ni igi náà wà. Nígbà tí wọ́n bí Àdùfẹ́, bàbá Sìmíátù, àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìkirè, ránṣẹ́ pé bí ìwọ́ ọmọ bá já, kí wọ́n má jù ú sí pàǹtí òyìnbó. Kí wọ́n wá igi gidi rì í sí ìdí rẹ̀. Nílé, ìdí obì ni wọn ì bá rì í sí. Níbi tí wọ́n wà yìí, igi kan péré ló wà lágbàlá, kò tíì ga ju òrùlé lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ju itan àgbà lọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Tàjùdéèn gbẹ́ ilẹ̀, Sìmíátù gbé ọmọ dání, wọ́n ṣe àdúà, ó parí. Láti ọjọ́ náà ni Sìmíátù ti ń pè é ní igi Àdùfẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wo igi náà kó tó wá oògùn, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ni o.

Nígbà tí Àdùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni Olúwakẹ́mi ra ilé tó kángun sí tiwọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ń kọ́ni nípa ewé àti igi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí Sìmíátù bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọsibítù ní Chicago, tí wọ́n sì ní kó ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, Olúwakẹ́mi ní ń gba Àdùfẹ́ lẹ́nu bọ́ọ̀sì ilé ìwé, á fún un lóúnjẹ, á ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àmúrelé. Sìmíátù dúpẹ́, ó dúpẹ́ títí, kó tó di pé ọpẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan lẹ́nu rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Àdùfẹ́ sáré wọlé, ewé lọ́wọ́ kan, èso igi lọ́wọ́ kejì.

“Mummy, it's a bur oak,” ló wí. “Auntie Kẹ́mi ló sọ fún mi. Ẹ wo etí ewé ẹ̀, ó rí róbótó. Tó bá jẹ́ red oak ni, á mú ṣóṣó, á sì ní irun lẹ́nu. Èyí tún ní waist láàárín. Ẹ wo èso ẹ̀, ó dé fìlà, etí fìlà ẹ̀ ní wájawàja.”

Sìmíátù ní igi Àdùfẹ́ ni òun mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn.

“That's not a real name, Mummy.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sìmíátù lára ju bí abẹ́rẹ́ ti ń wọni lára lọ. Òun ló rọbí, òun ló gbé ìwọ́ fún Tàjùdéèn. Àjèjì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, ó ní igi náà lórúkọ, ọmọ sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ wọn. Ó rí i pé Àdùfẹ́ ti ń gbé ọwọ́ sẹ́yìn bó bá ń rìn, bí Olúwakẹ́mi ti ń ṣe. Ó rí i pé ọmọ náà kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé mọ́, nítorí ó ti sọ ọ́ tán ní ilé kejì. Tàjùdéèn pàápàá kò gbẹ́yìn. Ẹ̀ka kan wà tó ń ha fèrèsé yàrá wọn, Sìmíátù ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gé e, ó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Olúwakẹ́mi sọ lẹ́ẹ̀kan pé wọn kì í gé irú igi óákù yìí nígbà tí ooru bá ń mú, pé kòkòrò máa ń gbọ́ òórùn ojú ọgbẹ́ igi, á sì kó àrùn wá sí i, àfi kí wọ́n dúró de òtútù. Lójú ẹsẹ̀, ó di òfin fún Tàjùdéèn. Ó tún wa mọ́tò rẹ̀ kúrò lórí gbòǹgbò igi, ó ní kò yẹ kí òun máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sàdíátù, ọ̀rẹ́ Sìmíátù ní mọ́sáláṣí, kò mọ̀ pé òun ń da epo síná nígbà tó ní, “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ́bẹ́rẹ́ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, tìrẹ, ẹlòmíì ló ń filẹ̀kẹ̀ sí i.”

Òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Aṣọ iṣẹ́ Sìmíátù bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1984, ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ní kí wọ́n já erùpẹ̀ dúdú ọkọ̀ kan sẹ́yìn ilé. Lóko bàbá rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọn ò bá kó erùpẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ìjì á wó o. Èyí tí wọ́n bá kó o sí, á yọ ọmọ. Ìmọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kò kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun àti Àdùfẹ́ fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ náà yí igi ká títí ó fi ga dé orúnkún àgbà, ebè tó tó ebè. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sí ara rẹ̀. Àdùfẹ́ ti fi amọ̀ ra ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ìtàn bàbá àgbà, Sìmíátù sì ń dá a lóhùn. Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà.

Ìgbà náà ni Olúwakẹ́mi wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, óákù ò fẹ́ erùpẹ̀ nídìí o. Ìdí ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ it will choke. Ewé gbígbẹ díẹ̀ ti tó o, kó má sì kan ara igi.”

Sìmíátù kò gbé orí sókè. “Kẹ́mi, ìwọ́ ọmọ mi ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá bímọ ló ń mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwọ́.”

Ẹyin lohùn. Olúwakẹ́mi ní, “Ẹ má bínú, ma,” ó sì wọlé rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Sìmíátù wá obìnrin mìíràn tí yóò máa gba Àdùfẹ́ lẹ́nu bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà sunkún. Tẹ̀tẹ̀ hù dáadáa lórí ebè. Sìmíátù ń já a sọ́bẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó borí ogun.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ewé igi náà kéré nígbà tó rúwé, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí ti àwọn igi yòókù ṣì tutù, orí rẹ̀ pátápátá sì gbẹ. Sìmíátù bu omi sí i, ó bu ajílẹ̀, ó tún bu erùpẹ̀ lé e, òkìtì sì ga sí i. Igi ń kú lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wọ bàtà iṣẹ́, Àdùfẹ́ dúró lójú fèrèsé.

“Mummy, ẹ ní igi mi ni. Tó bá kú ńkọ́, ṣé èmi náà máa kú?”

Sìmíátù ní rárá, Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi pé kò lè so okùn bàtà náà. Kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó kan ilẹ̀kùn obìnrin tí kò kí láti ọdún mẹ́ta, nígbà tí onítọ̀hún sì ṣí i, ó kúnlẹ̀ fún un, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

“Kẹ́mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Bá mi wo igi ọmọ mi.”

Olúwakẹ́mi kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀.  Ó lọ mú ṣọ́bìrì kékeré, ó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì wa erùpẹ̀ ọ̀hún, Àdùfẹ́ ń kó o dànù. Nígbà tí wọ́n wà á débi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n rí i: gbòǹgbò kan, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ti wá afẹ́fẹ́ gòkè wá sínú òkìtì, ó yí igi náà po, ó sì ti jẹ wọ inú èèpo rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àrùn,” ni Olúwakẹ́mi wí. “Gbòǹgbò ẹ̀ ló ń fún un lọ́rùn. Ó ń wá ohun tó máa mí ni.”

Ó na irin ìgégi sí Sìmíátù. Sìmíátù ní kó gé e, òun ò mọ̀ ọ́n gé. Olúwakẹ́mi mi orí, ó ní igi wọn ni. Sìmíátù gé e títí gbòǹgbò náà fi já, ó sì fi gbogbo ara jókòó sílẹ̀. Olúwakẹ́mi ní ó ṣeé ṣe kó yè, ó ṣeé ṣe kó má yè. Ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ ni yóò sọ, kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀ka gbígbẹ kankan títí òtútù á fi dé.

Àdùfẹ́ ti já ewé kan, ó lọ fara ti Olúwakẹ́mi, ó ń ka igun etí ewé náà fún un bí ìgbà àtijọ́. Owú dìde láyà Sìmíátù. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń dun ún, kò dín rárá. Ó rá lórí ilẹ̀ tútù náà lọ jókòó tì wọ́n.

“Báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀?” ló béèrè. “Ẹ kọ́ èmi náà.”

 Àdùfẹ́ ló yí padà, ó gba ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó kún fún erùpẹ̀, ó tẹ́ ewé náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ìbàdí ewé náà.