Ìka Ìyàwó Télọ̀

Abẹ́rẹ́ ni Télọ̀ fi ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka wo ṣúgà, ojo gbáà ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gún un láràárọ̀. Ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn ló ra ẹ̀rọ náà, nígbà tí dókítà sọ pé bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, pé bí ṣúgà bá ń ga láìmọ̀, ojú tàbí ẹsẹ̀ ló máa bá a lọ. Kí ọmọ náà tó jáde nílé, á kọ́kọ́ pè láti gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò jáde. Ìka Télọ̀ ti yi. Ìyàwó gún un, ó tún un gún, ni ọkùnrin náà bá fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ìka yìí náà ni mo fi ń ránṣọ," ó ní. "Bó o bá bà á jẹ́, kí la máa jẹ?"

Fóònù sì ti ń dún. Kí ọkàn ọmọ má baà pòrúurùu, obìnrin náà gún ìka ara rẹ̀, ó ka nọ́ńbà tó jáde. Inú ọmọ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ kú ìtọ́jú wọn o."

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ó fẹ́ tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì, ló bá tún gún ara rẹ̀, bó ṣe di bárakú nìyẹn. Èyí tó wá pa ni lẹ́rìn-ín jù ni pé Télọ̀, tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, bẹ̀rẹ̀ sí í gba nọ́ńbà náà gbọ́.

"Ara mi ti balẹ̀," á wí, á bu ṣúgà kún tíì rẹ̀. "Àbí o ò rí ohun tí ẹ̀rọ sọ ni?"

Ìyàwó á rẹ́rìn-ín. Ó wu òun náà kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, egbò yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí Télọ̀ fi ń tẹ maṣíìnì. Kò dùn ún, kò sì kà á sí. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Ọmọ dé pẹ̀lú ojú tó ti wú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí bàbá rẹ̀ sùn sí, inú ń bí i, kò mọ ẹni tí yóò bá jà.

"Màámi, àràárọ̀ ni nọ́ńbà ń dára. Ẹ̀rọ burúkú ni mo rà fún wọn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé ẹsẹ̀ bàbá mi."

Ó bú sẹ́kún. Ìyá ì bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, Télọ̀ ò sì ní tú u fó. Ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ náà ju ohun tó lè fara dà lọ. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, ojú abẹ́rẹ́ kún gbogbo orí ìka rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò parọ́, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni mò ń kà fún ẹ."

Ọmọ wo ọwọ́ ọ̀hún títí. Kò dì í mú.